Ewé tí Ìyàndá Fi Dí Ọ̀nà

Àpá kan wà ní èjìká òsì ìyá ìyá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá ń bá wọn wẹ ẹ̀yìn, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá ọkọ mi ló gé mi jẹ." Gbogbo ará ilé á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìyá ọkọ wọn lẹ́nu. Kì í ṣe àwàdà. Ìyá náà gé wọn jẹ lóòótọ́, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀rín yẹn ti ń bí mi nínú tipẹ́.

Orúkọ ìyá ìyá mi ni Àbíkẹ́. Ẹ má bínú bí mo bá ń pe orúkọ wọn lásán láti ibi yìí lọ, tí mo tún ń pè wọ́n ní "ó". Ìyá ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ń pe gbogbo wọn ní ìyá, ẹ kò ní mọ èyí tí mò ń wí.

Abúlé oko kan nítòsí Ìrókò ni Àbíkẹ́ ń gbé, òun àti ọkọ rẹ̀ Ìyàndá, àti ìyá Ìyàndá. Epo ni Àbíkẹ́ ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ inú ẹkù lọ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le ju ti ọkùnrin mìíràn lọ. Ìyá Ìyàndá kì í yin epo náà. Bí ó bá pọ́n, ó ní ó pọ́n jù. Bí ó bá ṣàn dáadáa, ó ní omi ni wọ́n dà sí i. Bí òjò kò bá rọ̀ pàápàá, ó lè wá bí Àbíkẹ́ ṣe jẹ̀bi rẹ̀. Àbíkẹ́ náà kì í gbà fún un, nítorí náà ariwo kì í tán nínú ilé yẹn.

Ìyàndá ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí kò ní í dá. Àwọn ará abúlé a máa fi àlè sára ohun tí wọn kò bá fẹ́ kí olè jí, bóyá àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín, kí olè lè rí i kí ẹ̀rù bà á. Abà iṣu tó ṣófo ni Ìyàndá máa ń fi àlè tirẹ̀ sí. Iṣu tòótọ́ á wà nínú ìgbẹ́ lẹ́yìn, láìsí àmì kankan. Ó ní olè tó láyà kì í sá fún àlè, pé ńṣe ló ń fi í mọ ibi tí nǹkan wà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n wọn kò jí iṣu rẹ̀ rí.

Nígbà tí ogun Ìjàyè dé, oko lílọ di ewu. Àwọn ajínigbé á lúgọ sí etí ọ̀nà, wọ́n á mú ẹni tó wá wa iṣu, wọ́n á so ó mọ́ okùn, ó di títà nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ya wọ abúlé, àwọn èèyàn sì sá lọ sí Ìrókò, nítorí odi wà níbẹ̀. Orúnkún Ìyá Ìyàndá ti wú láti ìgbà òjò, kò lè sáré, kò tilẹ̀ lè rìn jìnnà. Ìyàndá ní kí Àbíkẹ́ gbé ọmọ wọn sá lọ. Ọmọ yẹn ni ìyá mi, ó ṣì ń mu ọmú. Ìyàndá fúnra rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, ó gba inú ìgbẹ́ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé Ìrókò, òun nìkan. Ó ní òun ti fi Ìyá pamọ́ sí ahéré àtijọ́, títí ọ̀nà á fi rọlẹ̀ tí òun á lè gbé e wọ ìlú.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ahéré náà nígbà tí oko wọn ṣì wà ní òdì kejì odò. Wọ́n ti pa ilẹ̀ yẹn tì kí Àbíkẹ́ tó di ìyàwó ilé, igbó sì ti bò ó, Àbíkẹ́ kò débẹ̀ rí. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni Ìyàndá ń yọ́ lọ, tí ó ń gbé omi àti oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀. Àbíkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó júwe ọ̀nà fún òun, bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀. Ó kọ̀.

"Bí wọ́n bá mú ọ, wọ́n á nà ọ́," ni ó wí. "Ohun tí o kò mọ̀, wọn kò lè nà án jáde lẹ́nu rẹ."

Lọ́jọ́ kan ó wọ́ ẹsẹ̀ délé. Ọká ti bù ú ṣán lójú ọ̀nà àbọ̀. Sàníù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbátan tí wọ́n sá wá bá ní Ìrókò, wá gbogbo oògùn tó lè wá, kò ṣiṣẹ́. Ahọ́n Ìyàndá ti ń wú nígbà tí ó fa Àbíkẹ́ mọ́ra. Ó ní, "Tí o bá ti kọjá odò, wàá rí ọ̀pẹ kan tó wó. Oríta ni ibẹ̀. Mo ti fi ewé síbẹ̀." Ó fẹ́ fi nǹkan kún un, ó ń mi orí, ó ń gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde mọ́. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àbíkẹ́ rò pé ó ti sọ èyí tó tó. Ta ni kò mọ ohun tí ewé ń ṣe ní oríta? Ẹni tó bá ṣáájú lọ nínú ìgbẹ́ á já ewé, á fi dábùú ọ̀nà tí kò gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ọ̀nà tí ewé kò bá sí ni ọ̀nà. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n.

Wọ́n sin Ìyàndá. Wọ́n tú irun Àbíkẹ́ gẹ́gẹ́ bí opó, wọ́n fi í jókòó sórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jáde. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń ka oúnjẹ tí Ìyàndá gbé lọ kẹ́yìn lọ́kàn rẹ̀: iṣu sísun, ìkòkò omi kékeré kan. Nígbà tí ọjọ́ ọjà kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lọ, ó ránṣẹ́ pe Sàníù sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n, omi á ti tán lọ́dọ̀ Ìyá."

Sàníù ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò wo ojú rẹ̀. "Tí ọ̀nà bá rọlẹ̀, a ó rán àwọn ọkùnrin lọ."

"Ìgbà wo ni ọ̀nà máa rọlẹ̀?"

"Ọlọ́run ló mọ̀. Opó kì í jáde, Àbíkẹ́. Jókòó."

Ẹ̀rù ló ń bà á, mo mọ̀. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ajínigbé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo ti ń gbìyànjú láti dárí jì í láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì ṣe tán. Arúgbó ń kú lọ nínú ìgbẹ́, ẹ̀yin ń dúró de ọ̀nà tó rọlẹ̀.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì Àbíkẹ́ dìde lórí ẹní. Ó fún ọmọ lọ́mú, ó gbé e fún Mùjíbátù, ìyàwó Sàníù. Ó we gèlè lé irun títú náà títí dé etí. Mùjíbátù kò sọ pé kó má lọ. Ó bu omi sínú akèrègbè fún un, ó fi ẹ̀kọ sí i, ó ní, "Bí wọ́n bá bi mí, màá ní ò ń sùn." Àbíkẹ́ bọ́ sí àárín àwọn obìnrin tó ń lọ ṣẹ́gi, ó bá wọn jáde ní ẹnu odi. Nígbà tí wọ́n yà sí apá kan, òun gba ọ̀nà abúlé lọ.

Abúlé ti jóná. Ẹkù tí ó ti ń ṣe epo ti kún fún omi òjò, ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá dúró, ẹkún ni yóò tẹ̀ lé e. Ó gba ẹ̀yìn abúlé wọ inú ìgbẹ́, níbi tí kò ti sí ọ̀nà gidi mọ́, ó ń fi ọwọ́ ya koríko títí ó fi gbọ́ ìró odò. Ó là á kọjá. Ọ̀pẹ tó wó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìtàkùn ti ń gùn ún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró ti pín sí méjì. Imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ kan àti ewé mìíràn dábùú ọ̀nà òsì, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọwọ́ Ìyàndá ni, ó dá a mọ̀. Inú rẹ̀ dùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó gba ọ̀tún.

Ọ̀tún kò dára. Ẹ̀gún fa aṣọ rẹ̀ ya. Ilẹ̀ ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó ń rò pé bóyá ahéré wà ní orí òkè kan níwájú, òkè kò sì sí. Níkẹyìn ọ̀nà náà kú sínú àbàtà. Ó wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó jáde, ó yí àbàtà náà ká, ó tún yí i ká. Ó ń pe "Ìyá" ní ohùn jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó dáhùn. Oòrùn ti gòkè. Ọmú rẹ̀ ti kún, ó ń ro ó, wàrà ń jò sára aṣọ, èyí sì rán an létí pé ọmọ á ti máa ké nílé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó ní òun rò pé Ìyá ti kú, pé ahéré ti wó lé e lórí, pé àbàtà ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó bú Ìyàndá. Ó ní, irú ọ̀nà wo lẹ júwe fún mi yìí, ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Kò mọ ohun tó kù láti ṣe, nítorí náà ó yí padà. Kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ó gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ó ju ara rẹ̀ sínú igbó ẹ̀gún, ó dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó rí okùn tí ọ̀kan ká lọ́wọ́. Èdè wọn dán mọ́rán bíi tirẹ̀, bí ẹni pé ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná.

"Irú ọ̀nà wo nìyí?" ni ọ̀kan wí. "À bá ti gba òsì."

"Ṣé o kò rí ewé ni?" ni èkejì dáhùn. "Wọ́n ti fi dí òsì. Ọ̀tún ni wọ́n gbà, ọ̀tún la ó ti bá wọn."

Wọ́n kọjá lọ sí ọ̀nà àbàtà. Àbíkẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀. Abà iṣu tó ṣófo ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, àti àlè tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń jí èèyàn gbé kì í ṣe àjèjì. Ìyá tiwọn náà ló kọ́ wọn ní ewé oríta. Ìyàndá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ewé dí ọ̀nà tòótọ́. Ohun tí ó fẹ́ fi kún un nìyẹn nígbà tí ó ń mi orí, tí ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ọjọ́ òun ti ṣòfò, àwọn ọkùnrin yẹn á sì dé àbàtà láìpẹ́, wọ́n á padà, ibi oríta yẹn náà ni wọ́n á gbà.

Ó sáré. Ní oríta ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ewé náà láìfi ara kàn án, ó wọ ọ̀nà òsì. Kò jìnnà rárá. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ahéré náà wà lábẹ́ igi obì, òrùlé rẹ̀ ti tẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n fi igi dí láti inú.

"Ìyá, èmi Àbíkẹ́ ni."

Kò sí ohùn. Ó tún un wí. Ó fi èjìká ti igi náà, ó wọlé. Ìyá Ìyàndá dùbúlẹ̀ sí ìdí ògiri, ìkòkò omi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dídojúdé. Ètè rẹ̀ ti bó. Àbíkẹ́ rò pé ó ti kú, títí ojú rẹ̀ fi yí.

"Ìyàndá ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn àyàfi òun," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Òun dà?"

Àbíkẹ́ gbé akèrègbè sí i lẹ́nu. Ó ní kó rọra mu ún. Láàárín ìgbà yẹn ó ń wá irọ́. "Ibà ń ṣe wọ́n díẹ̀, Ìyá. Àwọn ló rán mi."

"Ibà ń ṣe ọmọ mi, ìwọ wà níbí. Ta ló ń se oúnjẹ fún un?"

"Mùjíbátù ni."

"Obìnrin yẹn kì í fi iyọ̀ sí nǹkan," ni Ìyá wí, ó sì tún mu omi.

Àbíkẹ́ sọ fún un pé àwọn ajínigbé wà nítòsí, pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi kọjá odò. Ó gbé e pọ̀n bí ọmọ, ó fi ọ̀já tí ó máa ń fi pọn ọmọ rẹ̀, tí ó gbà mọ́ ìdí wá, dè é mọ́ra. Ó ti fúyẹ́. Ó ní bí ó ti fúyẹ́ tó yẹn gan-an ló fẹ́ jẹ́ kí òun sunkún. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹyìn gbé wọn jáde, ó sì ń rìn kíá, èékánná Ìyá wọ̀ ọ́ lára láyà.

Wọ́n ti tún gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ewé náà nígbà tí ó gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n ti ń ti àbàtà bọ̀, wọ́n ń ṣépè. Àyè kò sí láti dé odò. Ó lúgọ sẹ́yìn ọ̀pẹ tó wó náà, ó tẹ ara rẹ̀ àti Ìyá mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìtàkùn. Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gún kọ́ gèlè rẹ̀, ó fà á kúrò lórí. Irun títú náà já bọ́ sí ojú Ìyá Ìyàndá.

Ọmọdé ló lè bèèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá kì í ṣe ọmọdé, òun náà ti jókòó lórí ẹní opó rí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ní ibà kì í tú irun. Àbíkẹ́ rí i pé ara tó wà lẹ́yìn òun le gbagidi. Ó mọ̀ pé arúgbó náà ti mọ̀, pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni, pé igbe ń bọ̀. Ẹnu tí kò dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé ọkọ ni. Kò lè na ọwọ́ sẹ́yìn láti bò ó. Ó di ojú rẹ̀, ó ń dúró de igbe náà.

Àwọn ọkùnrin náà dúró ní oríta. Ọ̀kan jókòó sórí ọ̀pẹ náà gan-an, ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká yẹ òsì wò," ni ó wí.

"Kí lo fẹ́ rí níbi tí wọ́n fi ewé dí?"

Igbe kò jáde. Eyín ló wọlé. Ìyá Ìyàndá ya ẹnu, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé èjìká Àbíkẹ́, ó gé e, kò sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ọwọ́ Àbíkẹ́ sọ̀kalẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò mí sókè. Ẹni tó ń yọ ẹ̀gún yọ ọ́ tán. Ó dìde, ó na ara, ó tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ gba etí odò.

Ó pẹ́ kí eyín náà tó tú.

"Ìgbà wo ni?" ni Ìyá bèèrè.

"Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ yín kẹ́yìn. Ọká ni."

"Lọ́nà ọ̀dọ̀ mi."

Àbíkẹ́ ní nínú gbogbo ohun tí òun rí lọ́jọ́ yẹn, kò sí èyí tó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún nígbà tí arúgbó náà fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dìde," ni ó wí. "Wàrà ti rin aṣọ rẹ. Ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ kú tẹ̀ lé bàbá rẹ̀."

Wọ́n dé Ìrókò nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ẹnu odi. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn Ìyá Ìyàndá kò wí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n wọ inú odi tán, tí Sàníù ń sáré bọ̀, ni ó tó la ẹnu pe ọmọ rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì jáde síta láti gbọ́ igbe náà. Èèyàn púpọ̀ ló dì í mú.

Ó lo ọdún púpọ̀ sí i láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi àdí pa egbò náà láràárọ̀ títí ó fi jinná, ó sì ń ṣàròyé pé Àbíkẹ́ kò mọ àdí ṣe. Nígbà tí àwọn ará ilé bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ tó gé èèyàn jẹ, Àbíkẹ́ á bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á fa aṣọ rẹ̀ bo èjìká.